Òkúta Ojú Ọ̀run àti Ìdí Ìkòkò

Òkúta tó ń fìyà jẹ Muslimat ò sí ní Ifẹ̀, kò sí ní Nàìjíríà, kò tiẹ̀ sí láyé yìí rárá. Ojú ọ̀run lọ́hùn-ún ló wà, níbi tó jìn débi pé téèyàn bá ń fi mọ́tò lọ, ọmọ ọmọ ọmọ ẹ̀ ò ní tíì débẹ̀. Síbẹ̀ òkúta yẹn ni ò jẹ́ kó sùn, òun ló jẹ́ kó rù, òun náà ló ń jẹ́ kí Sàúdátù ìyá ẹ̀ máa bi í láràárọ̀ pé, "Muslimat, òkúta yẹn ò tíì tán ni?"

Ẹ jẹ́ ká mú un díẹ̀díẹ̀. Ọdún 1995 ni. Muslimat ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó sì ti yẹ kó jáde yunifásítì láti bí ọdún méjì, ṣùgbọ́n ìyanṣẹ́lódì ò jẹ́. Wọ́n á wọlé oṣù mẹ́ta, wọ́n á jókòó sílé oṣù mẹ́fà. Àwọn tí wọ́n jọ ṣe sẹ́kọ́ńdìrì ti bímọ méjì-méjì, wọ́n ń pè é ní "ọmọ ilé-ìwé" bí ẹni ń pe ọmọ ọdún méje. Fisíìsì ló ń kà. Iṣẹ́ àṣejáde tí wọ́n fún un, pírójẹ́ẹ̀tì tí wọ́n máa ń pè é yẹn, ọ̀rọ̀ òkúta ńlá kan ni, tó ń yí oòrùn po lọ́nà jíjìn, òun àti àìmọye òkúta mìíràn. Hàìjíà lorúkọ ẹ̀. Wọ́n ní òrìṣà ìmọ́tótó kan tí àwọn ará Gíríkì ń bọ láyé àtijọ́ ni wọ́n fi sọ ọ́. Ó fẹ̀ tó kí ẹyẹ gbéra ní Ifẹ̀ kó máa fò lọ tààrà, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Kàdúná. Ó sì dúdú bí èédú, torí irú nǹkan tó wà lára èédú náà ló wà lára tiẹ̀. Tí oòrùn bá fi ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ lé e lára, méje péré ló máa dá padà.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá wò ó láti ibí á ní òkúta kékeré kan lásán ni, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ ò tó nǹkan. Kì í ṣe pé ó kéré. Dúdú tó dúdú ni ò jẹ́ kí títóbi ẹ̀ hàn.

Dókítà Fáníyì ló ń bójú tó iṣẹ́ náà. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kì í pariwo, àmọ́ tó bá ti sọ nǹkan, ó ti sọ ọ́ nìyẹn. Ó ní, "Má kàn wá ka ìwé fún wa o, Muslimat. Lọ wá nǹkan tó dúdú tó òkúta yẹn, kó o tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ká fojú ara wa rí i." Ó wá yá a ní míta kékeré kan tó ní abẹ́rẹ́ bíi ti aago, tó ń ka ìmọ́lẹ̀. Tí wọ́n bá tan tọ́ọ̀ṣì sí bébà funfun, abẹ́rẹ́ á lọ sí ọgọ́rùn-ún. Méje ni Muslimat ń wá.

Oṣù mẹ́ta ló fi wá méje. Ó ra ọ̀dà dúdú, ó ń dán, abẹ́rẹ́ fò lọ sí mẹ́rìndínlógún. Ó gún èédú, ó fomi pò ó, ó fi ra bọ́ọ̀lù, ó gbẹ tán ó bó sórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀. Ó gbé aṣọ dúdú tí ìyá ẹ̀ fi ṣọ̀fọ̀ bàbá wọn, abẹ́rẹ́ ní mọ́kànlá. Ó ti fẹ́ sú u pátápátá kó tó wọ ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé lọ́jọ́ kan, tó rí ìṣaasùn ìyá ìyá ẹ̀ tó ti dolóògbé. Ọgbọ̀n ọdún ni màmá yẹn fi se ọbẹ̀ nínú ẹ̀ lórí igi, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án mọ́ látìgbà tí sítóòfù ti dé. Èéfín ti dì mọ́ ìdí ẹ̀ bí awọ. Ó gbé e wọ yàrá, ó ti fèrèsé, ó tan tọ́ọ̀ṣì. Méje gééré. Muslimat jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín òun nìkan.

Ó fi ìdí ìkòkò yẹn ka gbogbo ohun tó fẹ́ kà, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó wá da apẹ̀rẹ̀ bo ìkòkò náà ní ilé ìdáná, ó sọ fún ìyá ẹ̀ pé kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ìyá ẹ̀ ní òun ti gbọ́.

Ẹni tí ò gbọ́ ni Yéwándé. Kò sì lè gbọ́, torí kò tíì dé nígbà yẹn. Ọjọ́ kejìlá ẹ̀ nìyí tí Abdulhafeez, ẹ̀gbọ́n Muslimat, gbé e níyàwó láti Ẹdúnàbọ̀n wá sí agboolé wọn ní Ìrẹmọ, tí ọkọ sì ti padà síbi iṣẹ́ ẹ̀ l'Óṣogbo, tó fìyàwó sílẹ̀ fún ìyá ẹ̀. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń wo ìyàwó tuntun. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún un pé a ń wò ọ́. Sàúdátù kàn máa ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà, á máa ka tẹ̀sùbáà ẹ̀, á dá a dúró, á ní, "Ojú ọbìnrin, ẹnikẹ́ni ló lè fọ̀ ọ́ mọ́. Ìdí ìkòkò ẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi hàn mí." Á tún máa ka tẹ̀sùbáà lọ.

Ọmọbìnrin yẹn náà ò ya ọ̀lẹ. Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà ló ti ń gbálẹ̀. Ìkòkò tó bá ti fojú rí, ó ti fọ̀ ọ́ nìyẹn.

Ó wá di Ọjọ́bọ̀ tí Muslimat máa lọ dúró níwájú àwọn ọ̀gá. Aago mọ́kànlá ni wọ́n fún un. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí wọ́n ń pè ní Awóyẹmí ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá yẹ̀ wọ́n wò, ọjọ́ yẹn nìkan ló sì máa lò. Ẹni tí ò bá rí i lọ́jọ́ náà, ó di ọdún tó ń bọ̀, àwọn èèyàn sì ti ń sọ pé ìyanṣẹ́lódì mìíràn ń bọ̀. Muslimat wẹ̀, ó wọ búláòsì funfun àti síkẹ́ẹ̀tì dúdú, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ láti gbé òkúta ẹ̀.

Apẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀. Kò sí nǹkan kan lábẹ́ ẹ̀.

Ó yíjú sí ẹ̀bá kànga. Ìkòkò náà wà lórí òkúta ìfọṣọ, wọ́n da ìdí ẹ̀ kọ oòrùn, ó pọ́n bí ẹyìn, omi ṣì ń kán lára ẹ̀. Yéwándé kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, apá ẹ̀ méjèèjì dúdú dé ìgbọ̀nwọ́.

"Ẹ káàárọ̀, Adúmáradán," ló wí. Orúkọ tó fún Muslimat nìyẹn, torí ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ, Muslimat sì dúdú, ó ń dán.

Muslimat ń wo ìkòkò. Ó ní, "Ìyàwó, kí lo fi fọ̀ ọ́?"

"Iyanrìn àti eérú ni, ọkọ mi. Mo tún fi ìkarahun họ ọ́. Mo ti wà lórí ẹ̀ látàsùbáà. Ẹni tó lo ìkòkò yìí kẹ́yìn, kí Ọlọ́run foríjì í." Ó ń rẹ́rìn-ín. "Mo fẹ́ fi yà yín lẹ́nu ni."

Muslimat jókòó sétí kànga. Oṣù mẹ́ta. Ó wo ọwọ́ ọmọbìnrin náà, ó rí i pé ó ti bó níbi méjì, kò tún wá mọ ẹni tó máa bínú sí.

Ibẹ̀ ni Sàúdátù jáde sí wọn, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ó rí ìkòkò, ojú ẹ̀ là. "Alhamdulillah. Ìkòkò ìyá mi nìyí? Ìyàwó, o ṣeun. Ọwọ́ yìí á ma..." Ó wá rí ojú ọmọ ẹ̀. Ó tún wo ìkòkò. "Muslimat. Ṣé kì í ṣe òkúta yẹn ni?"

"Òkúta yẹn ni, Màmá."

"Yéwándé! Ta ló rán ẹ níṣẹ́?"

"Màmá, ẹ fi í sílẹ̀," ni Muslimat wí. "Ẹ̀yin náà lẹ rán an. Ọjọ́ méjìlá lẹ fi ń kọrin ìdí ìkòkò sí i létí."

"Mo ní kó fọ ìkòkò ni. Mi ò ní kó fọ òkúta."

Yéwándé ń wò wọ́n lọ́tùn-ún lósì. "Ẹ má bínú, òkúta wo ni?"

Kò sáyè láti ṣàlàyé òkúta fún ẹnikẹ́ni. Aago méje ààbọ̀ ti lù. Muslimat gbé àtùpà, ó ní òun á fi èéfín ẹ̀ kun ìdí ìkòkò náà padà. Ìkòkò ti mumi, èéfín ò dì mọ́ ọn, ó kàn ń dà sílẹ̀ bí ìyẹ́, kẹrosíìnì tó kù nínú àtùpà sì tán. Kẹrosíìnì ọdún náà, ẹ rántí bó ṣe rí. Ó pò èédú mọ́ epo pupa, ó fi ra á, ó wọ yàrá lọ wò ó. Abẹ́rẹ́ ní méjìdínlógún, ó ń dán bí iwájú orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fárí.

Ó wá rò ó pé, àbí kí ló ń dà mí láàmú? Gbogbo Ìrẹmọ ló ń fi igi dáná látìgbà tí kẹrosíìnì ti wọ́n. Kí n kàn wọlé ẹni kan, kí n yá ìkòkò dúdú kan.

Ẹ wò ó, ìwé ti wọ̀ ọ́ lórí jù. Ó ti gbàgbé ìlú ẹ̀.

Ilé Ìyá Ọ̀rẹ́olúwa ló kọ́kọ́ yà, obìnrin aránṣọ tó fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Ó kí i dáadáa, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ìkòkò tí ìdí ẹ̀ dúdú ni mo fẹ́ yá. Èyí tó dúdú jù nínú ilé yín."

Obìnrin náà gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. "Nínú ilé mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Muslimat, kí ni mo fi ṣẹ̀ ẹ́? Ṣé èmi lo máa fi ìdọ̀tí kàn lówùúrọ̀ yìí?" Ó wọ inú lọ, ó kó ìkòkò mẹ́rin jáde, gbogbo wọn ń kọ mànàmànà. "Wò ó. Fi ọwọ́ nù ún. Tí ọwọ́ ẹ bá dúdú, wá pè mí lọ́bùn."

Ó dé ilé kejì, ọ̀dọ̀ Ìyá Adéagbo, ó gbìyànjú láti ṣàlàyé pé ojú ọ̀run ni òun fẹ́ fi ìkòkò náà ṣàpèjúwe. Màmá àgbà náà tẹ́tí sí i títí, ó wá mi orí. Ó ní, "Ìyá ẹ ló rán ẹ. Sọ fún Sàúdátù pé tó bá fẹ́ wo ìdí ìkòkò mi, kó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá. Kó má fi ọ̀run bojú."

Nílé kẹta, ojú ara ẹ̀ ló fi rí ìkòkò yẹn lórí àdògán. Dúdú kirimú, àfi bíi kó gbá a mọ́ra. Obìnrin tó ni ín sáré wá dúró síwájú ẹ̀, ó ta ìró sílẹ̀ bò ó. "Àlejò ló ni ín," ló wí. "Kì í ṣe ti ilé yìí. Ó ń lọ lónìí."

Ilé mẹ́fà ló wọ̀. Èéfín ń rú lórí òrùlé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, igi ń ta ṣáṣá nínú ààrò, kò sì sílé kan tí wọ́n ti gbà pé àwọn ní ìkòkò dúdú. Nígbà tó fi máa padà sílé, ìròyìn ti ṣíwájú ẹ̀ dé pé ọmọ Sàúdátù ń kiri ilé onílé, ó ń ṣàyẹ̀wò ìdọ̀tí. Yéwándé ti tún fọ èédú àti epo kúrò lára ìkòkò. Sàúdátù ti jókòó, ó ti káwọ́ lérí.

"O ti bà mí jẹ́ ládùúgbò," ló wí.

"Màmá, aago mẹ́sàn-án ti kọjá." Muslimat kó ìwé ẹ̀ sínú báàgì. "Mo máa lọ bẹ́ẹ̀. Mo máa lọ kàwé fún wọn, wọ́n á ní kí n padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ó parí."

Yéwándé dìde, ó wọ yàrá ọkọ ẹ̀. Wọ́n gbọ́ tó ń fa nǹkan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó jáde, ó gbé ẹrù kan tó fi ìró dì dání, ó kúnlẹ̀ síwájú Sàúdátù, kì í ṣe síwájú Muslimat o, ó tú u.

Ìṣaasùn ni, ó tó ti ìyá ìyá Muslimat lọ́gbọọgba. Láti ìdí dé ọrùn, dúdú ni. Nínú ẹ̀, ẹ̀wà jíjó ti gan pa mọ́ ọn.

"Màmá, ẹ fi orí jì mí," ló wí, ó dojú bolẹ̀. "Ìyá mi ló gbé e fún mi. Òun náà ti fi se ọbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ọjọ́ kẹta tí mo dé ni mo jó ẹ̀wà nínú ẹ̀. Ẹ ti lọ sí mọ́ṣáláṣí. Mo se òmíràn kẹ́ ẹ tó dé, mo wá ti èyí sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ní kí n wá àyè fọ̀ ọ́. Mi ò tíì ráyè. Ìkòkò yín ni mo ń fọ̀."

Sàúdátù wo ìdí ìkòkò náà. Ó wò ó pẹ́. Ó mú tẹ̀sùbáà ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ìbẹ̀rẹ̀.

Muslimat ò dúró de ohun tó máa sọ. Ó ti gbé ìkòkò wọ yàrá, ó ti fèrèsé, ó tan tọ́ọ̀ṣì. Abẹ́rẹ́ gbọ̀n lọ, gbọ̀n bọ̀, ó dúró.

Mẹ́sàn-án.

Ó mi míta náà. Mẹ́sàn-án. Gbogbo ìṣirò tó wà nínú ìwé ẹ̀, méje ló wà níbẹ̀, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, wọ́n ti dì í. Ó fi orí ti ògiri. Ó gbọ́ ohùn Yéwándé lẹ́nu ilẹ̀kùn: "Ó ṣe é lò?"

"Kò dúdú tó," ni Muslimat wí. "Ṣùgbọ́n òun náà la rí."

"Inú ìyá mi á dùn tó bá gbọ́ ọ," ni ọmọbìnrin náà wí.

Ìkòkò yẹn ò ṣe é dì láṣọ mọ́, aṣọ á tún nu dúdú ẹ̀. Nínú apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n gbé e sí, Muslimat rù ú. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó rí i pé Yéwándé ń bọ̀ lẹ́yìn òun, ó gbé ìkòkò fífọ̀ náà dání. Ó ní kí nìyẹn fẹ́ wá ṣe. Yéwándé ní, "Mo ti fọ̀ ọ́ tán. Kó kúkú tẹ̀ lé wa." Muslimat ò ráyè jà. Nínú bọ́ọ̀sì, kọndọ́kítọ̀ ní àwọn aláró ò gbọdọ̀ wọlé, obìnrin kan ní kí wọ́n má fi ìkòkò ọbẹ̀ ba gèlè òun jẹ́. Nígbà tí wọ́n fi dé yunifásítì, àmì ìka ọwọ́ márààrún ti wà lára búláòsì funfun, dúdú bátá, láyà gan-an.

Wọ́n ti fi páálí dí fèrèsé yàrá tí wọ́n ti ń yẹ̀ wọ́n wò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Awóyẹmí jẹ́ àgbàlagbà tó sanra, tó máa ń dijú téèyàn bá ń sọ̀rọ̀, bíi pé ó ti sùn. Muslimat sọ tẹnu ẹ̀. Ó tan tọ́ọ̀ṣì. Dókítà Fáníyì wo abẹ́rẹ́, ojú ẹ̀ le.

Ọ̀jọ̀gbọ́n lajú. "Ìwé rẹ ní méje. Abẹ́rẹ́ ní mẹ́sàn-án. Èwo ni ká gbà gbọ́?"

Irọ́ márùn-ún ló wá sí Muslimat lẹ́nu, gbogbo wọn lẹ́sẹ̀ kan náà. Bátìrì ti ń kú. Míta ti gbó. Ó ti rẹ̀ ẹ́ jù láti mú ọ̀kan. Ó ní, "Méjèèjì, sà. Ti méje náà, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fọ̀ ọ́ láàárọ̀ yìí. Mẹ́sàn-án yìí, tiẹ̀ ni, ó fi pa mọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Èyí tó fọ̀ náà dà?"

Ó wà níta lọ́wọ́ ẹni tó fọ̀ ọ́. Wọ́n pè é wọlé. Wọ́n gbé ìkòkò méjèèjì síbi kan náà ní òpin yàrá, wọ́n pa iná, tọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo ló kù, láti ọ̀nà jíjìn. Èyí tó fọ̀ yọ gedegbe. Tìkejì, àfi kéèyàn máa ṣẹ́jú kó tó rí i.

"Ìyàwó," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí, "èwo ló tóbi nínú wọn?"

"Ọgbọọgba ni wọ́n, sà. Mo ti gbé méjèèjì." Yéwándé tún wò wọ́n. "Ṣùgbọ́n ká ní mi ò mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀ ni, mo máa ní kékeré nìyẹn tó dúdú yẹn."

Ọ̀jọ̀gbọ́n yíjú sí Dókítà Fáníyì. Ó ní, "Ojú ewé mẹ́rìnlélógójì lọmọ yìí fi sọ nǹkan tí ìyàwó yìí sọ."

Muslimat yege. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì bá a yọ̀. Wọ́n ní kó tún gbogbo ìṣirò ṣe pẹ̀lú mẹ́sàn-án, torí ìkòkò tó wà nílẹ̀ ni wọ́n lè wò, èyí tó ti fọ̀ ò ṣe é jẹ́rìí mọ́. Kó tún orí kẹrin tẹ̀ látòkè délẹ̀. Dókítà Fáníyì sì fẹ́ ka ìkòkò náà fúnra ẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Muslimat dúró ní kọ́rídọ̀, ó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n fún lóúnjẹ tí wọ́n tún ní kó lọ fọ abọ́ gbogbo ilé. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà."

Nígbà tí wọ́n délé, Sàúdátù ti gbé omi gbígbóná kalẹ̀ lẹ́bàá kànga, iyanrìn, eérú, kànìnkànìn méjì. Ó ti ká apá aṣọ.

"Gbé e wá," ló wí. "Kí Ìyá Adéagbo tó kọjá."

"Wọn ò gbọdọ̀ fọ̀ ọ́, Màmá. Ó di ọ̀sẹ̀ méjì."

"Ọ̀sẹ̀ méjì." Ó wo ìkòkò, ó wo ẹnu ọ̀nà. "Ìkòkò dúdú lágboolé mi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kí ni kí n máa sọ fáwọn èèyàn?"

"Ẹ ní òkúta ni."

Sàúdátù pòṣé. Ó da omi gbígbóná náà nù, ó gba ìkòkò lọ́wọ́ Muslimat, ó gbé e lọ sílé ìdáná, ó da apẹ̀rẹ̀ bò ó. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí Yéwándé gbé kànìnkànìn jáde, ìyá ọkọ ẹ̀ ti gbé àpótí síwájú ilé ìdáná, ó jókòó lé e, ó na ẹsẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà, ó ń ka tẹ̀sùbáà.

"Ìyàwó," ló wí, kò gbójú sókè, "gba ibòmíràn kọjá."